Bàbá Àgbà Tó Ń Ṣọ̀fọ̀ Àwọn Báróònì Áyálándì

Ìwọ tó ń ka èyí, jọ̀ọ́, kí ni orúkọ bàbá tó bí bàbá tó bí bàbá ẹ? Má wo ẹ̀gbẹ́. Má sì pe ìyá ẹ lórí fóònù. Ká ní ilé bàbá mi àgbà lo wọ̀ ní Ìlárá Rẹ́mọ ni, òkèèrè ni wàá ti máa wo ife omi báyìí, torí wọn ò ní gbé e fún ẹ títí wàá fi dáhùn. Má bínú. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn gan-an, òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí nílé yẹn.

Káyọ̀dé lorúkọ mi. Mo ti parí girama, mo sì ti ṣe ìdánwò àbáwọlé yunifásítì débi pé àwọn tó ń ṣọ́ wa níbẹ̀ ti ń bi mí pé ìyá mi ńkọ́. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ́wọ́ báyìí ni kí n máa dúró de èsì. Mo mọ iṣẹ́ ọ̀hún ṣe dáadáa.

Bàbá àgbà lọ nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, lórí àga wọn, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán. Màmá àgbà, ìyàwó wọn, ṣì ń bínú pé ọkọ òun lọ láì sọ bóyá ó dùn. Ẹ má retí kí n sọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn àti gbogbo ilé ìwé tí wọ́n ti ṣe tíṣà. Ìyẹn wà lára sàréè. Èyí tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò lè pọ̀.

Bàbá àgbà mọ ìran. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe mọ ayò ta ni wọ́n ṣe mọ ẹni tó bí ẹni tó bí ẹni. Tí ọlọ́kadà bá gbé mi wálé láti Ṣàgámù, wọ́n á jáde sí i, èmi á rò pé wọ́n fẹ́ bá mi sanwó.

"Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ọmọ Likosi ni mí, Bàbá."

"Mi ò bi ẹ́ nílùú. Ta ló bí bàbá ẹ?"

Kó tó pẹ́, ọkùnrin náà á ti pa ẹ̀rọ, á ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á sì ti tọ ọ̀rọ̀ náà lọ títí wọ́n á fi rí i pé ìyá ìyá ẹ̀ àti ẹnì kan ní Ìpẹ̀rú jọ mu ọmú kan náà. Inú ẹ̀ á dùn. Á gbéra lọ láì rántí gbowó. Èmi sì máa ń gbàdúrà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé kí ìran wọn gùn. Bàbá àgbà á yíjú sí mi, wọ́n á ní: "Ẹni tí o bá ti mọ ìyá ìyá ẹ̀, o ò ní lè rẹ́ ẹ jẹ mọ́."

Ṣùgbọ́n ìran tiwa nìkan kọ́ o. Àwọn kan ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, Bàbá àgbà ń tẹ̀lé àwọn olóyè Áyálándì, ìyẹn erékùṣù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí òjò kì í tí í dá. Wọ́n mọ ẹni tó jẹ báróònì, ẹni tó jẹ ẹ́ẹ̀lì, èyí tó bímọ àti èyí tí kò bí. Tí wọ́n bá ń tò wọ́n, ẹ ó rò pé ará Ìkẹ́nnẹ́ ni gbogbo wọn.

Míìsì kan ló kó bá wọn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà ni Míìsì náà ti kọ́ wọn, nígbà tí Bàbá àgbà ṣì ní irun lórí. Ọmọ ilé ńlá ni ní Áyálándì. Bàbá ẹ̀ joyè, ó sì ní ilé olókùúta, àmọ́ obìnrin nìkan ló bí. Nígbà tí bàbá kú, oyè àti ilé fo Míìsì àti àwọn àbúrò ẹ̀ dá, ó lọ balẹ̀ sórí mọ̀lẹ́bí kan ní Kánádà tí wọn ò rí rí, tó ń ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko. Bí Míìsì ṣe sọ ìtàn yìí tán ni Bàbá àgbà dìde ní kíláàsì. Wọ́n ní: "Míìsì, ká ní Rẹ́mọ ni wọ́n bí yín sí ni, ọmọ yín lè jẹ ẹ́. Àwa kì í lé ọmọ obìnrin kúrò nílé bàbá ẹ̀." Gbogbo kíláàsì ń retí kí ẹgba sọ̀rọ̀. Míìsì rẹ́rìn-ín, ó bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó nù ún pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó wá ní: "Jókòó, ọmọ mi. Á jẹ́ pé wọ́n ṣi ìlú bí mi."

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé tẹ́lẹ̀, bíi tiwa làwọn ará Áyálándì ń ṣe é. Olóyè á kú, ẹbí á jókòó, wọ́n á mú ẹni tó kúnjú ìwọ̀n láàárín àwọn tí bàbá ńlá kan náà bí. Àfi ìgbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì dé tó ní kí wọ́n kó oyè wọn wá, kí òun wá tún un fún wọn. Wọ́n kó o lọ. Ó sì dá a padà lóòótọ́, àmọ́ ó ní láti ọjọ́ náà lọ, àkọ́bí ọkùnrin nìkan ni kó máa jẹ ẹ́, ìbáà jẹ́ dìndìnrìn. Mo ní, "Bàbá, ìyẹn dáa fún mi, àkọ́bí lèmi náà." Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní: "Torí irú yín gan-an ni òfin yẹn ò ṣe dáa."

Wọ́n ní lọ́hùn-ún, tí orúkọ èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Máàkì, ọmọ lagbájá ló ń jẹ́. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ó, ọmọ-ọmọ lagbájá. Bí wọ́n ṣe sọ mí ní Ó Tíṣà nìyẹn, torí Tíṣà ni gbogbo Ìlárá ń pè wọ́n. Ìgbà tí wọ́n bá bínú sí mi, mo máa ń di Ẹ́ẹ̀lì Oorun. Ewúrẹ́ wa, torí pé oko gbogbo ló ti ń jẹun láì ro ìkankan, Báróònì ni. Màmá àgbà ni Kántẹ́ẹ̀sì, bí wọ́n ṣe ń pe ìyàwó ẹ́ẹ̀lì.

"Kántẹ́ẹ̀sì ló ń rin ewùrà látàárọ̀ yìí?" Màmá àgbà á dá wọn lóhùn láti ẹ̀yìnkùlé. "Tíṣà, ẹ dìde ẹ wá rin ewùrà o, àfi tí àwọn báróònì yín bá máa wá fún yín lóúnjẹ!" Tó bá kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ gbóná, wọ́n á fi Rẹ́mọ ìjìnlẹ̀ parí ẹ̀. Mi ò lè kọ ìyẹn síbí. Ìdajì ẹ̀ ò yé mi, ìdajì tó yé mi ò ṣeé kọ.

Dátà mi ni àwọn olóyè wọ̀nyẹn jẹ lójú ayé mi. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, Bàbá àgbà á gba fóònù mi, wọ́n á ní kí n wá ẹni báyìí báyìí fún wọn wò. Ní ọjọ́ kan báyìí, mo ka ìròyìn kan fún wọn. Lójijì, Bàbá àgbà gbé ọwọ́ lé orí, wọ́n kígbe: "Ó ti kú o! Ó ti lọ o!" Màmá àgbà sáré jáde tòun ti ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó ti ń sunkún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyá onímọ́ínmọ́ín iwájú ilé wọlé, ó fi ọwọ́ gbá àyà. Àwọn tó ń kọjá yà wá.

"Ta ló kú, Tíṣà? Ṣé Lékan ọmọ wa ni?"

"Oyè kan ni, ní Áyálándì. Báróònì tó jẹ ẹ́ kẹ́yìn bí obìnrin rẹpẹtẹ, gbogbo wọn wà láàyè, ara wọn le, àmọ́ wọ́n ní kò sí àrólé. Wọ́n ti sin oyè mọ́ ọn."

Ìyá onímọ́ínmọ́ín ti pọn omi wá fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Nígbà tó yé e, òun fúnra ẹ̀ ló mu ún. Màmá àgbà fi ọ̀bẹ sílẹ̀ kó má baà fi gún ọkọ ẹ̀. Bàbá àgbà ò ṣẹ̀fẹ̀ rárá. Wọ́n ní: "Èèyàn kú, ẹ sunkún. Oyè kú, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sun tèmi."

Mo ní láti sọ ti Bùkọ́lá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí. Ibi tí a ti ń kọ́ lẹ́sìnnì la ti pàdé. Ó mọ ìṣirò, èmi mọ bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó mọ ìṣirò. Mo fi oṣù púpọ̀ gbìyànjú kó tó gbà láti tẹ̀lé mi wá kí àwọn ará ilé. Mo ya irun mi. Mo wọ bàtà Ańkù Lékan, ó tóbi, mo ki ìwé bọ iwájú ẹ̀. Bùkọ́lá kúnlẹ̀ kí Bàbá àgbà. Ẹ ti mọ ìbéèrè tó tẹ̀lé e.

Ọmọ yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n fi bú u, ó mọ ìran ẹ̀ dé gbòǹgbò. Bó ṣe ń dárúkọ ni ojú Bàbá àgbà ń tàn. Èmi rò pé wọ́n ti gbà á. Ó dé orúkọ kan, Bàbá àgbà pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Àbúrò ìyá mi mà nìyẹn!" Inú wọn dùn gan-an. Wọ́n ní kí Màmá àgbà wá rí ẹran ara wa tó sọnù. Bùkọ́lá ń rẹ́rìn-ín, Màmá àgbà ń dì mọ́ ọn, èmi nìkan ni mò ń wo ìwé inú bàtà mi. Bàbá àgbà wá ní: "Káyọ̀dé, kí lo dúró ń wò? Lọ gbé ìjókòó wá fún àǹtí ẹ."

Títí di òní, àǹtí ni mò ń pè é. Ó ti wọ yunifásítì.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó lè bá Bàbá àgbà jà títí ilẹ̀ á fi ṣú ni Bàbá Ṣíjú, tó ti bá wọn wà láti kékeré. Abẹ́ igi ọsàn ni wọ́n ti ń jà. Bàbá Ṣíjú gbà pé ti Áyálándì ló dáa ju tiwa lọ.

"Àkọ́bí wọlé, ìjà parí. Ṣé ẹ rí wàhálà tiwa? Ilé yìí jẹ, ilé ọ̀hún jẹ, ẹnì kan lọ gba lọ́yà!"

"Tí àkọ́bí bá jẹ́ ọ̀mùtí ńkọ́?"

"Kó máa mutí nínú oyè ẹ̀! Tíṣà, kí lẹ tiẹ̀ mọ̀ nípa Áyálándì? Ẹ̀yin tí ẹ ò kọjá Ìdìrókò rí!"

"Bàbá Ṣíjú, ìwọ náà ò dé ọ̀run rí, àmọ́ o máa ń wàásù ẹ̀ fún wa."

Bàbá Ṣíjú á gbé fìlà, á ní òun ò ní wá mọ́ láéláé. Láéláé ẹ̀ kì í pẹ́ ju oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ kejì lọ. Ọjọ́ ìsìnkú, Bàbá Ṣíjú ni wọ́n dúró tì sàréè títí gbogbo èèyàn fi lọ tán. Mo lọ pè wọ́n wá jẹun. Wọ́n ní: "Jẹ́ kí n dúró díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló jù sí mi kẹ́yìn, mi ò tí ì rí èsì ẹ̀."

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń yẹ̀ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ìdílé wa ní oyè kan. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, kí wọ́n má baà ní mo ti ń polongo. Ọ̀dọ̀ bàbá ńlá wa kan tó ń jẹ́ Ṣówándé ló ti ṣẹ̀ wá. Ọmọ mẹ́ta ló bí: Ṣólàjà, Ṣóbándé, àti obìnrin kan, Efúnyẹmí. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ ẹ́ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ilé Ṣólàjà ni tiwa. Ètò tẹ́lẹ̀ ni pé nígbà tí olóyè tó wá láti ilé Ṣóbándé bá papò dà, ó kan ilé Efúnyẹmí. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí ilé ìyẹn ti jẹ kẹ́yìn, àwọn ọmọ ẹ̀ sì ti fọ́n ká. Àwọn kan tiẹ̀ ti gbàgbé pé ó wà.

Olóyè ilé Ṣóbándé náà papò dà lọ́dún tó kọjá. Ańkù Lékan, àkọ́bí Bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, fẹ́ oyè náà. Kọngílá ni wọ́n l'Ékòó. Wọn ò kàn fẹ́ ẹ lásán. Wọ́n ti tẹ kàlẹ́ńdà. Àwòrán wọn wà níbẹ̀ tòun ti ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, pẹ̀lú orúkọ oyè gàdàgbà, ẹbí ò sì tí ì jókòó. Wọ́n ti pín in dé Sábó.

Nínú ẹbí wa, a kì í ka ìran láti inú ìwé. Ẹnu la fi ń pè é, lórí ìdúró, láì wọ bàtà, níwájú gbogbo èèyàn. Tó o bá ṣì í pè, àwọn ìyá ilé á pòṣé, o ó sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí o bá pè dé òpin tí ẹnikẹ́ni ò pòṣé sí, òun ni ẹbí máa tẹ̀lé. Bàbá àgbà ló ń pè é fún wa.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Olórí Ẹbí ní, "Tíṣà, ẹ pè é fún wa kíá, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun." Gbogbo èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín. Ańkù Lékan ti ń tún fìlà ṣe. Bàbá àgbà bọ́ bàtà, wọ́n pe ilé Ṣólàjà, wọ́n pe ilé Ṣóbándé. Wọ́n wá ní, "Ẹni tí ó kàn ni Efúnyẹmí."

Ariwo ta. "Ọmọ obìnrin kẹ̀?" "Ayé ti yí o, Tíṣà!" Àwọn ìyá ilé ò pòṣé, àmọ́ ta ló ń gbọ́? Ańkù Lékan dìde.

"Bàbá, èmi ọmọ yín rèé."

"Mo mọ̀ ẹ́, Olúlékan. Torí pé ọmọ mi ni ẹ́ ni mo ṣe mọ ibi tí o wà lórí ìlà."

Olórí Ẹbí tú ìpàdé ká, ó ní ìran tí wọn ò pè dé òpin, àfi kí wọ́n tún padà wá pè é. Kàlẹ́ńdà náà ṣì wà. Ìyá onímọ́ínmọ́ín ló fi bo tábìlì. Ìjà ọ̀hún sì wà láàárín Ańkù Lékan àti bàbá wọn títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ańkù Lékan kì í ṣe èèyàn burúkú o. Àga tí Bàbá àgbà kú sí, àwọn ni wọ́n rà á. Wọ́n rà á lẹ́yìn ìjà náà, wọ́n fi ránṣẹ́, wọn ò tẹ̀lé e wá.

Òní ni ẹbí máa padà jókòó. Nígbà tí Olórí Ẹbí béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ta ló gbọ́ ìran lẹ́nu Tíṣà dé òpin, Màmá àgbà nawọ́ sí mi. Ẹnì kan tiẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ òótọ́ ni. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìjà yẹn, Bàbá àgbà á ní kí n bọ́ bàtà kí n pè é. Mo máa ń kó ilé Ṣóbándé pọ̀ mọ́ àwọn ẹ́ẹ̀lì Áyálándì. Mo ti fi báróònì kan joyè ní Ìlárá rí. Wọ́n á pòṣé, wọ́n á ní, "Padà, Ó Tíṣà. Mo ní àkókò." Wọn ò ní in, ṣé ẹ rí i.

Lánàá, Ańkù Lékan pè mí sínú mọ́tò wọn. Wọ́n tan ẹ̀rọ tútù sí mi lójú.

"Káyọ̀dé, yàrá kan wà fún ẹ nílé mi l'Ékòó. Màá fi ẹ́ sílé ìwé tó dáa. Mi ò ní kó o purọ́ o, ọmọ tíṣà ni wá. Tó o bá ti dé ọ̀dọ̀ Efúnyẹmí, o kàn gbàgbé. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé o máa ń gbàgbé."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí torí kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí ẹnì kan máa fẹ́ san nǹkan fún mi lórí àìmọ̀ mi. Mo sì fẹ́ yàrá ọ̀hún. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Mo ti ń ronú ibi tí màá gbé bẹ́ẹ̀dì sí.

Láàárọ̀ yìí ni Bọ̀ọ̀dá Múfú dé láti Sábó, níbi tí wọ́n ti ń ta obì. Ọmọ ilé Efúnyẹmí ni wọ́n, àwọn ni oyè kàn. Wọ́n fi ọ̀kadà gbé ìyá wọn tó ti darúgbó, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn ara wọn pẹ̀lú gèlè kó má baà ṣubú. Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rò pé àwọn náà fẹ́ fún mi ní yàrá.

"Káyọ̀, tí wọn ò bá fún mi, màá padà sídìí obì mi, kò sí nǹkan. Àmọ́ ìyá mi ò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ ìyá ìyá ẹ̀ nínú ilé yìí rí. Ohun tó bá wá nìyẹn."

Ìyá náà ti jókòó síwájú báyìí, ó ti yọ gèlè kúrò létí kan kó lè gbọ́ dáadáa. Èmi wà lẹ́yìn ilé, mò ń fi fóònù kọ èyí, mò ń ṣe bí ẹni tó ní iṣẹ́. Mo ti pè é lábẹ́ ahọ́n. Mo ṣì í ní ilé Ṣóbándé. Mo padà. Mi ò ṣi ti Efúnyẹmí rárá, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, torí mo ti ń retí kí n gbàgbé ẹ̀, kò sì—

"Káyọ̀dé! Wọ́n ti pé o! Ańkù ẹ ní kó o wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn!"

Màmá àgbà nìyẹn. Ẹ dúró ná.

"Màmá, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò jókòó. Mo ti bọ́ bàtà. Mò ń bọ̀ báyìí."